Iṣẹ́ abẹ onírọ́bọ́ọ̀tì fún jẹjẹrẹ ìfun: mo ń tọrọ ìmọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ ní ìsàlẹ̀ ìfun ńlá. Dókítà wa níbí ti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní London fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ da Vinci ṣe é lọ́hùn-ún, èyí tí oníṣẹ́ abẹ ń jókòó darí, tí àwọn apá rẹ̀ sì ń gba ojú ihò kéékèèké wọ inú ikùn. Mo kà nípa ìwádìí ROLARR ti ọdún 2017, tí aláìsàn 471 kópa nínú rẹ̀, èyí tó fi iṣẹ́ abẹ onírọ́bọ́ọ̀tì wé laparoscopy, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà àti irinṣẹ́ gba ojú ihò kéékèèké ṣe láìsí róbọ́ọ̀tì. Kò fi hàn pé róbọ́ọ̀tì dín iye ìgbà tí oníṣẹ́ abẹ ní láti yí padà sí líla ikùn gbalaja kù lọ́nà tó dájú ju laparoscopy lọ. Lójú tèmi, ìrírí oníṣẹ́ abẹ ló ṣe kókó jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, báwo ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ yín ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé wọ́n gbé àpò ìgbẹ́ sí yín lára, èyí tí ìgbẹ́ ń gba ojú ihò níkùn bọ́ sínú rẹ̀, ó sì tó ìgbà wo kí wọ́n tó yọ ọ́? Àpò yìí ló ń já ẹ̀gbọ́n mi láyà jù, nítorí gbogbo ìgbà ló ń fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi bírò sàmì sí níkùn rẹ̀ fún àpò náà. Ẹ̀yin dókítà, ìbéèrè wo ló yẹ ká bi oníṣẹ́ abẹ kí a tó fọwọ́ sí ìwé?