Orúkọ tó yẹ ọta revolver ọ̀pá kúkúrú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka orúkọ mẹ́rin tí ẹ dá lábàá fún àwọn tó fẹ́ kọ̀wé lórí bí a ṣe ń yan ọta fún revolver kékeré, ìbọn tó ní àgbá yíyí tí ọta ń wà nínú rẹ̀, tí ènìyàn ń gbé sára láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ ní ká pe ọta tí ihò wà lórí rẹ̀ ní "ọta abúgbàù", ká pe èyí tí wọ́n kọ +P sí ní "ẹtù àlékún", ká pe ohun tí ọta lè ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ wá jani lólè ní "agbára ìdánidúró", ká sì pe ìbọn náà fúnra rẹ̀ ní "ìbọn ọlọ́pàá kúkúrú". Ó yẹ ká ní orúkọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí ẹni tó kà á ra ohun tí kò bá ìbọn rẹ̀ mu. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká fi orúkọ lé ohun tí ojú rí lára ọta, ká má fi lé ohun tí wọ́n ṣèlérí pé yóò ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn ló rọrùn jù. "Ọlọ́pàá kúkúrú" kò ní yé ẹnikẹ́ni sí ọ̀pá ìbọn. Agbófinró tí kò ga ni wọn yóò kà á sí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní revolver ọ̀pá kúkúrú. Ọ̀pá irú rẹ̀ kì í sábà ju ínǹṣì 2 lọ, nǹkan bí mìlímítà 48 ló sì wọ́pọ̀.

Ká tó dé orí ihò, ọ̀rọ̀ náà "ọta" fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Odindi rẹ̀ là ń pè ní ọta, èyí tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn náà là ń pè ní ọta. Ẹ jẹ́ kí odindi máa jẹ́ kátíríìjì, bí àwọn ọdẹ ṣe ń pè é. Nígbà náà la ó lè sọ pé ohun mẹ́rin ló wà lára kátíríìjì: èèpo idẹ, ìṣáná tó wà ní ìdí èèpo, ẹtù tó wà nínú rẹ̀, àti ọta tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èèpo .38 Special, irú kátíríìjì revolver kan tó ti wà láti ọdún 1898, gùn tó mìlímítà 29.3. Ti .357 Magnum, tó jáde ní 1935, fi nǹkan bí mìlímítà 3.4 gùn jù ú lọ, kó má baà wọ inú ìbọn tí a ṣe fún .38. Ìbú ọta inú àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ọta .38 àti ti .357 dọ́gba" ti sọ òótọ́ nípa ọta, ó sì ti ṣi ẹni tó fẹ́ ra kátíríìjì lọ́nà.

"Abúgbàù" ni mo ta kò jù. Kò sí ẹtù kankan nínú ihò orí ọta. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹran ara, omi inú ẹran ló ń ti etí ihò náà sóde tí orí ọta fi ń ṣí. Kó tó lè ṣí, ó gbọ́dọ̀ ní eré lára, eré yìí gan-an sì ni ọ̀pá kúkúrú ń dín kù. Ọta á ti jáde kí gáàsì ẹtù tó ráyè tì í tó. Gáàsì gbígbóná tó tẹ̀lé e jáde á gbiná níta, òun ló ń fa iná ńlá tí à ń rí lẹ́nu ìbọn. Díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ tún ń jò gba àlàfo tó wà láàárín àgbá yíyí àti ọ̀pá. Bí aṣọ nípọn bá tún dí ihò náà, ọta á kàn gba ibẹ̀ kọjá bí olórí róbótó, kò ní ṣí rárá. Ẹnìkan dá a lábàá pé ká pè é ní "ọta ìtànná". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọta tó ń tan iná bó ṣe ń fò lọ ni. "Ọta olórí kòtò" ni mo fara mọ́. Kòtò náà wà níbẹ̀ bóyá ọta ṣí tàbí kò ṣí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "olórí pẹrẹsẹ" ṣe yẹ èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pátápátá. Ó ń wọn gréènì 148, ìyẹn gíráàmù 9.6, òjé ni, gbogbo rẹ̀ ló sì sábà máa ń wọ inú èèpo. Àwọn tó ń ṣe ìdíje ìbọn ní ń lò ó láti lu ihò tó mọ́ sára ìwé. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ṣíṣí, etí rẹ̀ mímú ló ń gé ọ̀nà. Nínú revolver tí kò tó ìdajì kílò, kì í ta ọwọ́ púpọ̀, nítorí náà ìbọn máa ń tètè padà síbi tí ojú wà fún ọta kejì. Àléébù rẹ̀ ni pé etí pẹrẹsẹ yẹn máa ń kọ́ ẹnu ihò àgbá bí ènìyàn bá ń fi ìkánjú ki òmíràn sí i. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ki márùn-ún sínú ìbọn, kí àfikún tó wà lápò jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ ṣe róbótó díẹ̀.

Lórí "agbára ìdánidúró": kò sí ohun èlò tó ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, dojú ìjà kọ adigunjalè méjì lágbègbè Miami. Ọta kan gba apá ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà wọ àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró kó tó kan ọkàn, ọkùnrin náà sì ń yìnbọn lọ. Òṣìṣẹ́ FBI méjì ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni FBI gbé ìdánwò kalẹ̀ nínú jẹlatíìnì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dípò ẹran ara: ọta gbọ́dọ̀ wọlé tó ínǹṣì 12, kó má sì ju 18 lọ, kódà bí ó bá gba ìpele aṣọ mẹ́rin kọjá. Ọ̀rọ̀ méjì péré la nílò níbẹ̀, "jíjìn" àti "fífẹ̀". Nínú ọ̀pá kúkúrú, ọ̀kan sábà máa ń jẹ èkejì: ọta fúyẹ́ bíi gréènì 110 lè fẹ̀ dáadáa kó má jìn tó, ọta wúwo á jìn, ó sì lè má fẹ̀. Bí n kò bá rí àwọn méjèèjì pa pọ̀, jíjìn ni n ó mú.

"Ẹtù àlékún" kò tọ̀nà, nítorí kì í ṣe pé ẹtù pọ̀ ni +P ń sọ. Ìfúnpá inú èèpo ló ń sọ, ẹtù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ sì lè pọ̀ kí ìfúnpá rẹ̀ má ga. "Ìfúnpá àlékún" ló yẹ. Ìbọn tí olùṣe rẹ̀ kò fọwọ́ sí i fún á tètè gbó, àgbá rẹ̀ á máa mì. Ewu kejì tún wà tó ń fẹ́ orúkọ, mo sì dá "ìyọsíwájú ọta" lábàá fún un. Bí ìbọn fúyẹ́ bá ta sẹ́yìn, ó ń fa èèpo dání, ọta tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì fẹ́ dúró síbi tó wà. Bí wọn kò bá tẹ ẹnu èèpo mọ́ ọn dáadáa, á máa yọ síwájú títí orí rẹ̀ á fi kọjá ojú àgbá, àgbá kò sì ní lè yí mọ́. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọn gígùn, wọn gígùn kátíríìjì karùn-ún, ẹ yin mẹ́rin yòókù, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti gùn sí i, ẹ má gbé irú rẹ̀ sára.

Àbúrò mi, o ṣeun. Mo ti fi "abúgbàù" sílẹ̀, "jíjìn" àti "fífẹ̀" sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo ní ká sọ orúkọ ohun tí ojú rí. +P ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí èèpo. Ẹni tó ń wá "ìfúnpá àlékún" kò ní rí i níbẹ̀. Jẹ́ ká fi +P sílẹ̀ bó ṣe wà, kí tìrẹ jẹ́ àlàyé rẹ̀. Mo sì kọ "ìṣáná". Ìṣáná, à ń ṣá a ni. Èyí, a ń gbá a ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí +P. Lórí ìṣáná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ó dúró, torí bí ọ̀rinrin ṣe ń ba ìṣáná jẹ́ náà ni òróró ń ba tinú èèpo jẹ́. Òróró tó ń wọnú irin tó dógùn-ún láti tú u lè jò wọ inú ìṣáná náà, kátíríìjì náà sì lè má dún mọ́. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi òróró nu inú àgbá, kó fi aṣọ gbígbẹ nu ún tán pátápátá kó tó ki kátíríìjì sí i.