Kíbọọ̀dù tó ń dákú-dájí: èsì mi sí àbá "aláìlókùn" àti "àìdáhùn"

Ẹ̀yin ará inú ìjíròrò yìí, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀gá wa tó ń bójú tó ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama fi àbá ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí kíbọọ̀dù tí kò ní wáyà máa jẹ́ "àtẹ ìtẹ̀wé aláìlókùn", kí máòsì rẹ̀ máa jẹ́ "èkúté aláìlókùn". Ìṣòro tó máa ń bá wọn, tí wọ́n á ṣiṣẹ́ dáadáa nísinsìnyí, tí wọ́n á tún kọ̀ bó bá yá, ni wọ́n fẹ́ kí a pè ní "àìdáhùn ìgbàdégbà". Àwọn kan ti fara mọ́ ọn. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu oníbàárà ni mo fi ń mọ ibi tí màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àrùn mẹ́rin bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, a ti fi oníṣẹ́ àti oníbàárà sínú òkùnkùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti "aláìlókùn" bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi àmì ohùn sí i, kò sí wàhálà: okùn ni kò ní. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Yọ àmì ìsàlẹ̀ tó wà ní ìparí yẹn, "aláìlókun" lo kọ, ẹni tí kò lágbára. Nínú ìwé mìíràn, gbólóhùn tó yí i ká á tú u fún òǹkàwé. Nínú ìwé tiwa, kò ní tú u, torí pé kíbọọ̀dù tí kò lókun wà lóòótọ́: òun ni èyí tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Bátìrì alkaline tuntun máa ń wà ní fóòtì 1.5, èyí tí a máa ń ṣáàjì, fóòtì 1.2 péré ni iye tiẹ̀. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, kíbọọ̀dù kì í kàn kú lójijì. Á ṣiṣẹ́ bí o bá gbé e sún mọ́ kọ̀ǹpútà, á sì máa ṣe ségesège bí o bá fà á sẹ́yìn. Ọmọ tó bá wá ka "kibodu alailokun" nínú ìwé wa, ṣé kó pààrọ̀ bátìrì ni, àbí irú kíbọọ̀dù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ la ń sọ fún un?

"Aláìníwáyà" ni mo fẹ́. Ó tẹ̀ lé òfin èdè wa gẹ́gẹ́ bí "aláìnítìjú" àti "aláìníláárí" ṣe tẹ̀ lé e, ohùn kan tó sọnù kò sì lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àyálò ni wáyà, kí ó rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbọ́sà àti àlàáfíà, a ò sì tíì wá ọ̀rọ̀ rọ́pò wọn. Arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Pọ́bẹ̀ lọ́hùn-ún sọ ohun tó lágbára ju ìyẹn lọ: ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní Bẹ̀nẹ̀, inú Faransé ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń wọlé, pé "okùn" ni Yorùbá tí gbogbo wa jọ ní. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Bí ìwé náà bá máa dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a kọ "tí kò ní okùn" ní gbólóhùn gbọọrọ, kí a má sọ ọ́ di "aláìlókùn". Nínú gbólóhùn gbọọrọ, "okùn" dá dúró, ojú á tètè rí i.

"Àìdáhùn" ló ká mi lára jù. Ẹni tí a pè, tàbí tí a bi ní nǹkan, ló ń dáhùn. Ta ló pe kíbọọ̀dù? Kíbọọ̀dù gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó gbọ́. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì tí lẹ́tà ò jáde, ó lè jẹ́ pé kíbọọ̀dù ò sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n rìsífà, nǹkan kékeré tí a ń kì bọ ojú USB yẹn, ni kò gbọ́. "Àìdáhùn" ti dá kíbọọ̀dù lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́. Mo mọ àwọn tó lọ ra kíbọọ̀dù tuntun nítorí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, tí tuntun náà tún ń ṣe ohun kan náà lórí tábìlì kan náà.

Ẹ wo "asọ̀rọ̀mágbèsì" tí a fi ń pe rédíò. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá àti ibi tó ń lọ: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Ìyẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe. Kíbọọ̀dù aláìníwáyà ò rí bíi rédíò, torí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí kíbọọ̀dù bá ti sọ tirẹ̀, rìsífà á fi àmì kékeré kan ránṣẹ́ padà pé òun ti gbọ́. Bí àmì náà ò bá dé, kíbọọ̀dù á tún ọ̀rọ̀ sọ. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, tí mẹ́ta mẹ́rin á wá tú jáde pọ̀. Nítorí èyí náà ni "agbàmì", tí ẹnì kan dábàá fún rìsífà, fi jẹ́ ìlàjì òtítọ́. Ó ń gba àmì, ó sì ń fi àmì ránṣẹ́. Ní tèmi, kí a ṣì máa lo rìsífà, bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ọjà, títí a ó fi rí èyí tó dára jù.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbé síwájú yín kì í ṣe èyí tí mo dá sílẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́: dákú-dájí. Kò sí ẹni tó ń lo iná mànàmáná ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dákú ò kú. Á jí, ó sì lè tún dákú. "Ìgbàdégbà" jọ ohun tó ní àsìkò, irú ìpàdé ẹgbẹ́, àrùn yìí ò sì ní àsìkò kankan. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ìgboro ni dákú-dájí, pé kò yẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò gbà rárá. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń sọ nígbà tí iná bá ń ṣe bó ṣe wù ú, kí ló fẹ́ lé e jáde nínú ìwé wọn?

Àmọ́ dákú-dájí jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí. Kò tíì sọ ohun tó fà á. Àwọn oníbàárà wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń ṣe ìyẹn, wọn ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá làwọn ń ṣe. Wọ́n á ní ó ti kú, ó ń já (kọ̀ǹpútà ò rí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀), ó ń fo lẹ́tà, ó ń tòògbé. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan hàn yín. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, tó jẹ́ pé ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ló ń tẹ̀ jù, gbé kíbọọ̀dù rẹ̀ wá. Ó ní ó ń fo lẹ́tà: òun tẹ "Olóògbé", "Ológé" ló jáde, ojú sì ti òun níwájú àwọn ẹbí. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò fo ẹyọ kan. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń ṣe é. Ó ní, "Bí mo bá ti ń kó fọ́tò oníbàárà sínú háàdì yẹn ni. Bó bá ti kó o tán, ara rẹ̀ á yá." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo bá a dé ṣọ́ọ̀bù. Rìsífà wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, nínú ojú USB aláwọ̀ búlúù, wáyà háàdì sì wà nínú ojú búlúù kejì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yọ rìsífà, mo so ó mọ́ wáyà ìfàgùn, mo ki wáyà náà bọ ojú dúdú tó wà níwájú, mo sì gbé rìsífà sórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ kíbọọ̀dù. Mo ní kó máa kó fọ́tò, kó sì máa tẹ̀wé lọ. "Olóògbé" jáde, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé.

Ojú búlúù yẹn ni USB 3.0, tó jáde ní 2008. Ó lè gbé bíìtì bílíọ̀nù 5 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò tó ń jò lára rẹ̀, lára wáyà rẹ̀ àti lára háàdì tó wà lẹ́nu rẹ̀, bọ́ sí àyíká 2.4 GHz (GHz ni òṣùwọ̀n iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ibẹ̀ gan-an sì ni kíbọọ̀dù àti máòsì ti ń bá rìsífà sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ Intel gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2012. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò dákẹ́. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ni kò rójú gbọ́.

Ibí la ti máa jà lórí "ariwo". Àwọn kan ní ohun tí etí ń gbọ́ nìkan ló ń jẹ́ ariwo, kí a kọ "ìdíwọ́ ìgbì". Mo fẹ́ràn ariwo, torí pé ó yé obìnrin yìí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn náà mú kí n gbà pé àwọn tó ń ṣàríwísí ní ìdí: ó gbé etí lé háàdì, ó ní òótọ́ ni, ó ń kùn, bóyá kí òun ra èyí tí kì í kùn. Kíkùn yẹn ò kan ọ̀rọ̀ wa rárá. Nítorí náà, "ariwo ìgbì" ni mo fara mọ́, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì máa rìn pọ̀ nígbà gbogbo.

Wi-Fi tó ń lo 2.4 GHz náà ń pa ariwo ìgbì, ààrò máíkírówéèfù náà sì ń pa á. Bí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, bá ní 5 GHz, kí a so kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi 5 GHz yẹn. Ní ti Bluetooth, tí àwọn kíbọọ̀dù kan ń lò dípò rìsífà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Classic ní ọ̀nà 79 tó ń ṣí kiri láàárín wọn, tó ìgbà 1,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti 2003 ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń yẹra fún èyí tí èrò ti pọ̀ jù. Mo rí i pé wọ́n kọ "fífò" fún ìrìn rẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí a kọ "ṣíṣí kiri". A ti lo "fò" fún lẹ́tà tó sọnù, àṣìṣe sì ni kí lẹ́tà sọnù. Ti Bluetooth jẹ́ ọgbọ́n.

"Tòògbé" tún yàtọ̀. Bí o bá fi kíbọọ̀dù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ò jáde, tí ìyókù sì ń jáde geere, kò sí ariwo ìgbì níbẹ̀. Ó lè jẹ́ kíbọọ̀dù ló ń pa bátìrì mọ́, ó sì lè jẹ́ Windows ló pa ojú USB náà dé láti fi iná pamọ́. Nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, lábẹ́ Power Management, àpótí kan wà tó gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa á. Kí a yọ àmì inú rẹ̀. "Ìsùn" ni àbá tó wà nílẹ̀ fún èyí. Ó pọ̀ jù. Ẹni tó ń tòògbé, bí o bá pè é lẹ́ẹ̀kan, á jí.

Lórí èkúté àti máòsì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ kọ. Kí ìwé náà ṣáà sọ pé ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa lórí tábìlì onígíláàsì, kí wọ́n tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé ó bà jẹ́.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ìpínrọ̀ náà rí rèé: "Bí kíbọọ̀dù aláìníwáyà bá ń dákú-dájí, kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọnù lẹ́yìn ìsinmi, ó ń tòògbé. Wo ètò ìfinápamọ́. Bó bá ń fo lẹ́tà láàárín iṣẹ́, tàbí tó ń já, gbé rìsífà kúrò nítòsí ojú USB búlúù, kí ó sì sún mọ́ kíbọọ̀dù."

Àwọn ará Kétu, Ṣábẹ àti Pọ́bẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń sọ lọ́dọ̀ yín bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀? Bí dákú-dájí ò bá yé àwọn ọmọ yín, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́, kí a fi méjèèjì sínú ìwé náà.