Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń dà á kọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọmọ 48 ni mo ń kọ́ ní Pírámárì 4. Nígbà tí a dé orí ìdá nínú ìṣirò, mo pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà kí wọ́n jọ rò ó. Yorùbá ni mo ní kí wọ́n fi sọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀, ẹnì kan ní ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á kàn da ìdáhùn rẹ̀ kọ.

Mo pín wọn ní méjì-méjì, ibì kan náà la já sí. Mo fún wọn ní ìdérí ìgò mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n máa fi ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ń sọ ohunkóhun kí tiwọn ṣáà lè tán.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin méjì ń jiyàn lásìkò oúnjẹ. Ọ̀kan ní 1/4 ju 1/3 lọ, torí 4 ju 3 lọ. Èkejì fi búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ hàn án pé 1/3 ló tóbi jù, ó sì yé e. Mi ò dá sí i rárá. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mò ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ wo lẹ máa ń fún àwọn ọmọ, tí ẹni tó ń gbọ́ yóò fi bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé "báwo lo ṣe mọ̀?" kó tó gbà?