Òwìwí Príncipe lé ní 1,000, kí ló dé tí wọ́n ní ó fẹ́ parun?

Awòye: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òwìwí erékùṣù Príncipe, ní orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, yìí ò yé mi. Wọ́n fojú bù ú pé ó tó 1,000 sí 1,500. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2022 ní kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun tó le jù. Àwọn ẹyẹ mìíràn wà tí kò pé 200 láyé. Ṣé kì í ṣe àwọn yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà là?

Etí-Òru: Iye ẹyẹ nìkan kọ́ ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń sọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun, ń wò. Tó bá jẹ́ iye nìkan ni, àwọn tó ti dàgbà tó láti bímọ gbọ́dọ̀ dín ní 50 kó tó wọ ipele yẹn, òwìwí yìí, Otus bikegila, ò sì kéré tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó ń gbé ló kó bá a. Gbogbo Príncipe ò ju nǹkan bíi 140 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ibi tí ẹyẹ yìí wà níbẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 15 níbùú lóròó lọ, ní ìhà gúúsù, nínú ògbólógbòó igbó tí ènìyàn kankan ò gbé. Wọ́n wá a yíká erékùṣù náà, wọn ò rí i níbòmíràn. Igi wà ní àríwá o, àmọ́ oko àti igbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà ló pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tó kéré, ibì kan ṣoṣo, àti ìbẹ̀rù pé ibẹ̀ á tún dín kù: wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni.

Gbàrà tílẹ̀ bá ṣú ló ti ń ké: “tuu”, “tuu”, bíi ìró kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì rẹ̀ á sì máa dá a lóhùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé kòkòrò ni. Ceciliano do Bom Jesus, tí wọ́n ń pè ní Bikegila, mọ̀ ọ́n ní tiẹ̀. Ó ti máa ń gun igi lọ kó ọmọ odídẹrẹ́ rí, kó tó di ẹ̀ṣọ́ igbó, ohun tó sì rí lórí igi ló sọ fáwọn onímọ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fìdí ẹyẹ náà múlẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Abẹ́-Ìrókò: Ṣebí inú ọgbà ìpamọ́ ìjọba, Príncipe Obô, ló wà? Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?

Etí-Òru: Ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ ètò wà láti kọ́ dáàmù kékeré fún iná mànàmáná, ó sì máa kan apá kan nínú ilẹ̀ yẹn. Mi ò ní káwọn ará erékùṣù má rí iná lò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n tó gé igi kan, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n mọ iye tó wà níbi tí omi máa bò. Àwọn onímọ̀ yẹn ti ṣètò bí kọ̀ǹpútà á ṣe máa dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Awòye: Ó ti yé mi. Ṣé wọn ò lè kó díẹ̀ lọ sí São Tomé, erékùṣù kejì ní orílẹ̀-èdè náà?

Etí-Òru: São Tomé ní òwìwí tirẹ̀, Otus hartlaubi, ìbátan rẹ̀ sì ni. Mi ò ní fọwọ́ sí i láé pé kí wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n sún dáàmù kúrò lójú ibẹ̀ ló dáa jù.