Ẹja mi ń kú, ewé ẹ̀fọ́ mi sì ń pọ́n: kí ni mo ṣe tì nínú ọgbà ẹja òun ẹ̀fọ́ yìí?

Olùbéèrè, Gáà Akanbi, Ìlọrin:
Àsàlámù àlékùn o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí pé kànga wa máa ń fà nígbà ẹ̀rùn, tí n kò sì lè máa da omi sórí ebè láràárọ̀, mo gbé ọgbà tí ẹja àti ẹ̀fọ́ ti jọ ń lo omi kan náà kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Inú tánkì ike oní-500 lítà ni mo kó ọmọ ẹja àrọ̀ 60 sí. Mo la dúróòmù búlúù kan sí méjì ní òòró, mo gbé àlàbọ̀ méjèèjì ka orí búlọ́ọ̀kù, mo da òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ́ kù níbi tí a ti kọ́lé sínú wọn, mo sì gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹfinrin. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń fa omi ẹja gòkè sórí òkúta, tí omi náà yóò sì ṣàn padà sínú tánkì.

Láti ìjẹta, ẹja mọ́kànlá ti kú. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan wò, ibi tí ó fi ń mí kò pupa mọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn po kòkó mímu. Ewé tẹ̀tẹ̀ náà ń pọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀fà:
Wàlékùmù sàlámù, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ o. Àwọ̀ kòkó tí o rí yẹn ti sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹja bá jẹun tán, amóníà ni ó ń tú sínú omi, oró sì ni amóníà jẹ́ fún un. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí tí ń gbé lára òkúta ni wọ́n ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, tí òun náà ṣì jẹ́ oró, kí ìran kòkòrò mìíràn tó wá sọ ọ́ di náítíréètì tí ẹ̀fọ́ ń jẹ. Ìran kejì yìí máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ kí ó tó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, o kò sì tíì débẹ̀ tí o ti kó ẹja rẹpẹtẹ sí i. Náítíráìtì ni ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò fi lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́.

Má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bu ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kúrò, dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí ata, kí o sì fi omi kànga rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni o ní, jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì nínú báfù tí a kò dé, kí kiloríìnì inú rẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà, yọ́ iyọ̀ 500 gíráàmù sínú tánkì náà, ìyẹn gíráàmù kan fún lítà kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ ni yóò dí náítíráìtì lọ́wọ́ láti wọ ara ẹja, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀fọ́ kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀.

Ti iye ẹja ni ó dùn mí jù. Oúnjẹ ni a fi ń wọn ọgbà báyìí: ẹ̀fọ́ eléwé tí ó gba ààyè mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, oúnjẹ ẹja bíi 40 sí 50 gíráàmù lójúmọ́ tó o. Dúróòmù kan tí o là sí méjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ààyè yẹn lọ. Bí ẹja kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀wọ̀n 100 gíráàmù, tí ó ń jẹ gíráàmù 3 lójúmọ́, ẹja 15 ti tó. Wá ẹni tí ó ní kòtò ẹja, kí o kó ìyókù fún un kí wọ́n tó dàgbà.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán:
Ìyá wa ti sọ ti ẹja. Ti ewé ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ̀gbọ́n, ewé wo ni ó ń pọ́n? Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ti gbó nísàlẹ̀, náítíréètì ni kò tíì tó, sùúrù ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mùnú lókè ni ó ń pọ́n, tí iṣan ewé sì wà ní tútù láìpọ́n, èròjà irin ni kò rí jẹ. Ọ̀rọ̀ òkúta ibi ìkọ́lé yẹn ń kọ mí lóminú, nítorí símẹ́ńtì tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò gbé pH omi sókè, ìyẹn ni pé kíkan omi náà yóò dín kù. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò kì í lè gba irin, amóníà pàápàá sì máa ń le sí i fún ẹja. Ẹ kán fínígà sí òkúta bíi mélòó kan kí ẹ wò ó bóyá yóò hó.

Olùbéèrè:
Ọ̀mùnú ni, iṣan rẹ̀ sì tútù. Mo mú òkúta mẹ́wàá, mo kán fínígà sí wọn, mẹ́fà hó bí ọṣẹ. Lọ́la ni mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀fà:
Rárá o, ọmọ mi! Ara òkúta yẹn ni kòkòrò tí a ń sọ wà. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan, o ti padà sí ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú ẹja nínú omi. Àlàbọ̀ dúróòmù kan ni kí o pààrọ̀, fi òkúta tí wọ́n fọ́ láti ara àpáta sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti dán òun náà wò, kí o sì fi èkejì sílẹ̀ fún oṣù kan sí i.

Ará Erín-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná. Ẹja àrọ̀ lè gbé orí síta kí ó mí afẹ́fẹ́, nítorí náà kì í tètè kú bí epìyà bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò ara òkúta àti gbòǹgbò kò ní irú àǹfààní yẹn. Nílé wa, bí iná bá lọ, korobá ni a fi ń bu omi tánkì sórí òkúta, nǹkan bíi korobá mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n bí iṣẹ́ ilé. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ dín oúnjẹ kù, nítorí ẹja kì í jẹun dáadáa nínú omi tútù. Kòkòrò tí ó bá ń jẹ ewé, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á. Oògùn apakòkòrò tí ẹ bá fín sórí ẹ̀fọ́, inú tánkì ni yóò bọ́ sí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí mo ti ṣe bí ẹ ti wí. Ẹja 15 ni mo fi sílẹ̀, mo sì kó ìyókù fún aládùúgbò kan tí ó ní kòtò. Ẹja kankan kò kú mọ́ láti ọjọ́ kẹrin tí mo ti da iyọ̀ sí i. Nínú àlàbọ̀ tí mo pààrọ̀ òkúta rẹ̀, ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ ní àwọ̀ ewé gidi, àmọ́ ti èkejì ṣì ń pọ́n lókè. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni oṣù kan náà yóò pé, òkúta tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Mo ti kán fínígà sí i, kò hó.