Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ọgbà ewé ìbílẹ̀ sí jẹ́lé-ó-sinmi rí, kí lojú yín rí?

Àǹtí Jẹ́lé: Ẹ kúulé o. Wọ́n ní kí n ṣètò ọgbà kékeré fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún níléèwé wa n'Íbàdàn. Ewé àti igi tiwa ni mo fẹ́, kì í ṣe òdòdó tí wọ́n ń tà létí títì. Ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì: Efinrin, ewúro, gbúre. Ó parí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Èmi ni mo gbin ti iléèwé àbúrò mi. Etí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà wọ kíláàsì ni mo kó efinrin sí, kí aṣọ wọn máa gbá a lára. Tí wọ́n bá ti ń kọjá báyìí, òórùn á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Gbúre ní tiẹ̀ kì í fẹ́ wàhálà: ẹ dá igi rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó ti hù nìyẹn. Ọmọdé kì í ní sùúrù, ohun tó tètè ń hù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Akòko ló dájà sílẹ̀. A rì í yíká ṣe ọgbà bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, ni òbí kan bá dé, ó ní ṣé oyè la fẹ́ fi ọmọ òun jẹ ni àbí a fẹ́ sọ ọ́ di babaláwo. Ni wọ́n bá ní ká fà á tu.

Ìyá Ìbejì: Ẹ sì fà á tu? Ewé tí Ọlọ́run dá!

Délé Ẹ̀gbá: Òbí yẹn á sì máa jẹ ewúro lọ́bẹ̀ o 😂

Màmá Tómi: Ẹ má dá a lẹ́bi tán. Èmi náà á béèrè. Ká ti ṣàlàyé fún òbí kí ẹ tó gbìn ín ni.

Bàbá Àgbẹ̀: Èyí tó ká mi lára ni kí n sọ. Ẹ má fi làpálàpá ṣọgbà iléèwé láéláé. Èso rẹ̀ kì í korò lẹ́nu, ìyẹn ni ewu ẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wa kan jẹ ẹ́, èébì ni wọ́n ń bì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú ológbò náà ńkọ́, hóró pupa olójú dúdú yẹn? Ọmọdé á fẹ́ sín in bí ìlẹ̀kẹ̀, oró inú rẹ̀ sì lè pààyàn.

Màmá Tómi: Háà! Làpálàpá ló yí iléèwé Tómi ká. Mò ń lọ bá wọn lọ́la.

Délé Ẹ̀gbá: Pátánmọ́ ńkọ́? Kò sọ́mọ tí kì í fọwọ́ kàn án.

Bàbá Àgbẹ̀: Ó lẹ́gùn-ún. Kì í sì í ṣe tiwa, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá.

Délé Ẹ̀gbá: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà kì í ṣe tiwa, Pọtogí ló gbé e dé. Dongóyárò, Íńdíà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi gàrí rẹ̀ tọ́ mi dàgbà? Tiwa ni jàre.

Àǹtí Jẹ́lé: Ẹ jọ̀ọ́, èso wo ni mo lè gbìn?

Bàbá Àgbẹ̀: Agbálùmọ̀ tiwa ni, ṣùgbọ́n á pẹ́ kó tó so, á sì tóbi ju ọgbà yín lọ. Ẹ wá àgbáyun. Igi rẹ̀ kì í ga púpọ̀, ó fẹ́ràn ibòòji, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ. Èso pupa kékeré ni. Kí ọmọ yí i káàkiri ahọ́n, kó wá lá ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn kíkan yẹn á dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ ó rí ojú rẹ̀! Ó pẹ́ kó tó so lóòótọ́, torí náà ẹ ra èyí tó ti dàgbà díẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Bàbá, ibo ni wọ́n ti ń tà á?

Màmá Tómi: Èmi náà ń fẹ́.