Wọ́n dá ìwádìí oògùn dúró lójú ọ̀nà: ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Oníkẹ́míìsì Dùgbẹ̀:
Èmi ò bá wọn ṣe ìwádìí o, oògùn ni mo ń tà. Nígbà kòrónà, ní 2020, chloroquine tán pátápátá lórí káńtà mi. Oníbàárà kan á ti pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí RECOVERY nílùú Ọba ní àwọn ò fi hydroxychloroquine, ọmọ ìyá rẹ̀, kún ìtọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú 1,542 tí wọ́n fún, ìdá 25.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú 3,132 tí wọn ò fún, ìdá 23.5. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún oníbàárà mi. Ó ní kí n ṣáà bá òun wá páálí kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Tèmi rèé. Oògùn orúnkún ni, nílé ìwòsàn kan níbí. Àwa nọ́ọ̀sì ò mọ ẹni tó ń gba ojúlówó, a ò sì mọ ẹni tó ń gba èyí tó kàn jọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kan tó wà lọ́tọ̀ nìkan ló ń yẹ ìṣirò wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe ní ká dáwọ́ dúró. Inú bí mi, mo ní ṣebí ká parí ẹ̀ ná.

Ọ̀gá oníṣirò wa bi mí bóyá mo ń ta ayò. "Ọmọ ayò 48 ni, ẹni tó bá jẹ 25 ló borí. Bí o bá ti jẹ mẹ́rin, tí ẹnìkejì ti jẹ 23, ṣé o ṣì ń retí?" Mo ní ó ṣì lè ṣeé ṣe. Ó ní lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Ohun tí wọ́n ń ṣírò nìyẹn: pẹ̀lú èyí tó ti wà nílẹ̀, bí a bá bá a dé òpin, báwo ni ìrètí pé a máa rí i pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ṣe tó? Wọ́n á ti kọ gbèdéke sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 10 tàbí 20 lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀, òpè nìkan ló ń jókòó.

Èyí yé mi. Èyí tí kò yé mi títí dòní ni pé àwọn èèyàn ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn ká tó pè wọ́n. Màmá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ọjàaba ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ká tó ṣílẹ̀kùn. Ó tú ìṣẹ́tí ìró, ó yọ ike oògùn rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kò ṣiṣẹ́? Èmi tí mo ń gun òkè Mápó láìsinmi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n wò, mà."

"Ẹsẹ̀ tèmi ni mo mọ̀."

Kò sí èsì lẹ́nu mi. Mo da oògùn tó kù sínú abọ́, mo ń kà á bí a ṣe máa ń ṣe. Bó bá ń lò ó déédéé, mẹ́fà ló yẹ kó kù. 31 ni mo bá.

Mo wojú Màmá. Màmá wo òkè àjà.

"Tún un kà, ọmọ mi."